Ìbéèrè Tí Lọ́yà Bi Bàbá Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ nílé ẹjọ́ sílẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ fi tèmi kún un, mi ò sì gbọdọ̀ yọ nínú tiwọn. Bí ẹlẹ́rìí bá sunkún, n kì í kọ ẹkún. Bí lọ́yà bá wo ènìyàn ní ìwòkuwò, n kì í kọ ìwò. Ohun tó bá jáde lẹ́nu nìkan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi mọ̀, ọgbọ̀n ọdún gbáko ni mo sì fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ láyé yìí, èmi ni. Àmọ́ ìfẹ́ kó sí mi lórí, mo gbàgbé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun.

Ọkùnrin náà, Lọ́yà Ẹlẹ́wọ̀n ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀wọ̀n rí o. Àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìṣẹ̀, àwọn tí ọlọ́pàá lù bolẹ̀, àwọn tí wọ́n lé kúrò nínú ilé wọn, àwọn ni oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀wù dúdú kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ télọ̀ sì ti lẹ ìgúnpá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sídìí tábìlì mi, ìjà ló bá wá.

"Akọ̀wé, ẹ fi 'bóyá' sí mi lẹ́nu. Èmi kì í sọ 'bóyá' nílé ẹjọ́."

"Ẹ sọ ọ́, sà."

"Mi ò sọ ọ́."

"Ìgbà mẹ́ta lẹ sọ ọ́ lánàá. Ṣé kí n fa ìlà sábẹ́ wọn kí ẹ lè tètè rí wọn?"

Ó wò mí, ó wo ìwé náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wá ka ìwé ẹjọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, yálà ó ní ẹjọ́ lọ́sẹ̀ náà tàbí kò ní. Ó máa jókòó sórí àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, á máa sọ bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ó ní òfin kan wà tí òun ò jẹ́ rú: òun ò ní bi ẹlẹ́rìí ní ohun tí òun ò bá tíì mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó ní lọ́yà tó bá béèrè nítorí pé ó fẹ́ mọ̀, ó ti pa oníbàárà rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan, ó ká ìwé náà, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

Mo ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò jọ lójú. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í béèrè ohun tí ẹ ò bá mọ ìdáhùn rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹ ò fi 'bóyá' kankan sí mi lẹ́nu mọ́."

Òótọ́ ni. Ó ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Èmi ni mo ń pa á rẹ́ fún un. Mo ní, "O kú ojú lílà," ọjọ́ yẹn sì ni mo kọ́kọ́ fi "ẹ" sílẹ̀ tí mo pè é ní "ìwọ."

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bàbá mi. Wọ́dà àgbà ni wọ́n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ̀yìn ọgbà náà gan-an ni ilé tí ìjọba fún wa wà, yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi ló ń di irun mi lọ sí ilé ìwé, wọn ò sì mọ̀ ọ́n dì, àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa bi mí pé ta ló bá mi jà. Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ wọn kọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá ṣe dún lára ògiri ni mo fi máa ń mọ irú ọjọ́ tí wọ́n ní.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, Àǹtí Télọ̀, ni alárinà wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá, bàbá mi ò jẹ́ kí wọ́n jókòó tán.

"Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹranko ni wá, òun ni kí n fọmọ fún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò pè yín ní ẹranko. Ó ní ìjọba ń lò yín bí ẹranko."

"Èwo ló wá sàn níbẹ̀?"

Ìgbà kejì, bàbá mi díbọ́n pé àwọn ń sùn. Ìgbà kẹta, Àǹtí Télọ̀ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́, wọ́n ní, "Bàbá, bọ́tìnnì yín fẹ́ já." Kí bàbá mi tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Àǹtí ti yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì, wọ́n ń rán an mọ́ wọn láyà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lókè àyà wọn, wọn ò lè janpata.

"Òun nìkan ni mo ní," bàbá mi wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo ń di irun rẹ̀."

"Ó ti sọ fún mi, sà. Ó ní ẹ ò mọ̀ ọ́n dì."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Kí Àǹtí tó fi eyín já òwú náà, wọ́n ti ní kí Lọ́yà wá kí àwọn ní Sátidé tó máa parí oṣù.

Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ kan ilẹ̀ mọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Bàbá mi ti ń gba iṣẹ́ alẹ́ láti oṣù tó kọjá, ọ̀sán ni wọ́n sì ń sùn, ṣùgbọ́n oorun náà kì í ṣe oorun mọ́. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń kà. "Ó tún ní kí n fún òun lómi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ nìyẹn. Ó tún ní omi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án." Wọ́n kà á dé ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá, wọ́n dákẹ́, omi sì ń bọ́ lójú wọn níbi tí wọ́n ti ń sùn.

Bí mo ṣe wá sọ ọ́ fún Lọ́yà rèé. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn kóòtù, à ń jẹ búrẹ́dì. Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn wọ́dà, ó ní àwọn kan wà nínú wọn tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ò sí lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé bàbá mi kì í ṣe igi, pé ọkàn wà níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá. Lọ́yà dá ẹnu dúró lórí búrẹ́dì rẹ̀. Mo rò pé àánú ni. Bóyá àánú ni lóòótọ́, lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, obìnrin kan gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Káfíńtà ni ọkọ náà. Òun ló ṣíwájú àwọn ará àdúgbò tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wó ilé wọn, wọ́n sì gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n bàbá mi, wọ́n tì í mọ́ yàrá ìyà tí orí rẹ̀ jẹ́ páànù, lásìkò ooru, fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ibà ló pa á.

Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé òun ti gba ẹjọ́ náà.

"Gbé e fún ẹlòmíràn," mo wí.

"Ẹni mẹ́ta ló ti kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ń bà wọ́n."

"Bàbá mi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn."

"Bàbá ẹ kọ́ ni mò ń wá. Ọ̀gá wọn ni." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo mú un bí ìlérí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí mo bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ti àwọn ẹlòmíràn, tí mo sì kà á padà, ǹ bá ti rí i pé kò ṣe ìlérí kankan. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ Sátidé wa síwájú.

Ọjọ́ tí ẹjọ́ náà dórí bàbá mi, akọ̀wé kejì ń ṣàìsàn. Mo lọ bá ọ̀gá wa, mo ní ẹlẹ́rìí tó ń bọ̀ yìí, bàbá mi ni. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ ní bàbá ni?" Mo lọ jókòó.

Bàbá mi wọlé nínú aṣọ iṣẹ́. Bọ́tìnnì tí Àǹtí Télọ̀ rán wà níbẹ̀, òwú rẹ̀ pupa ju ti àwọn yòókù lọ díẹ̀. Lọ́yà béèrè iye ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó béèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ọwọ́ àwọn ni. Ó béèrè ohun tó ṣe káfíńtà.

"Ibà ni," bàbá mi wí. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wọn ni, nítorí wọ́n ń wo àjà.

Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n jókòó sí iwájú pátá, ó ká ọwọ́ mọ́ ikùn. Obìnrin tó ni ṣẹ́ẹ̀tì jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́yà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo rí i pé kò sí ohunkóhun lórí ìwé náà.

"Bàbá," ó wí. Kò pè wọ́n ní ọ̀gbẹ́ni. "Ìgbà mọ́kànlá tó bẹ̀ yín fún omi, ta ló ní kí ẹ má fún un?"

Ọwọ́ mi dúró. Ó dúró lórí ẹ̀rọ bí ohun tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Bàbá mi ò wo Lọ́yà rárá. Èmi ni wọ́n wò. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì wo ọwọ́ mi.

Adájọ́ ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀?"

Mo kọ ọ́.

"Ọ̀gá wa ni," bàbá mi wí. "Ó ní ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn yẹn máa bá a wọlé síbẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń kà á. Ìgbà mọ́kànlá ni lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kò béèrè mọ́."

Mo kọ ìyẹn náà. Mi ò ṣàṣìṣe níbì kankan. Ìwé náà ṣì wà ní kóòtù, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí níbẹ̀ pé bàbá kan wo ọmọ rẹ̀.

Wọ́n rán ọ̀gá ẹ̀wọ̀n lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Wọ́n lé bàbá mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde nílé. Lọ́yà dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù.

"Mo sọ fún ẹ pé bàbá ẹ kọ́ ni mò ń wá."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo wí. "Ẹ ò wá wọn. Mo fà wọ́n lé yín lọ́wọ́ ni." Mo ti padà sí "ẹ," mo sì rí i tó dùn ún dé egungun.

Yàrá méjì la rí gbà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, bàbá mi sì ń ṣọ́ pákó náà lálẹ́. Wọn ò bú mi, wọn ò na ìka sí mi. Wọ́n ń dáhùn bí mo bá kí wọn. Kìkì pé láti ọjọ́ tí a dé ibẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, wọ́n á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá wọn láti inú. Mo máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, kẹ́rẹ́. Wọn ò fẹ́ kí n gbọ́ àwọn níbi tí wọ́n ti ń sùn.

Ẹ má bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ràn Lọ́yà. Ìyẹn ló burú jù. Bó bá dìde láti sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́, ara mi á mọ̀ kí etí mi tó gbọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo "bóyá" rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì wá bá mi jà lórí wọn mọ́.

Àǹtí Télọ̀ ò sinmi. Wọ́n lọ bá bàbá mi, wọ́n bẹ̀ wọ́n títí. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi ní kí wọ́n lọ sọ: "Kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi pé ọmọ mi kọ́ ló tà mí."

Lọ́yà ní òun máa wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé àfẹ́sọ́nà ọmọ ẹlẹ́rìí ni òun, pé ibẹ̀ ni òun ti mú ìbéèrè náà, wọ́n á tú ẹjọ́ náà ká, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n á sì máa rìn kiri ìgboro. "Ojú wo ni màá fi wo ìyàwó káfíńtà?" ó wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi náà ò mọ ojú tó máa fi wò ó. Mo dúró. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ parí ọ̀rọ̀ náà tí ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ò rí ibòmíràn lọ mọ́, Lọ́yà wá, òun àti Àǹtí Télọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá, ọmọ yín ò tà yín. Àánú yín ló mú un sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo jí i lò."

Bàbá mi ń fi aṣọ nu bàtà wọn. Wọn ò dúró. "Mo ti mọ̀," wọ́n wí.

"Sà?"

"Láti ọjọ́ náà gan-an. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó dúró. Ẹni tó bá tà mí á ti múra sílẹ̀." Wọ́n gbé bàtà kejì. "Mo kàn fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ìwọ máa jẹ́ kó bá ọ ru ẹrù rẹ. Ó di ọdún mẹ́ta."

Inú bí mi, kì í sì í ṣe sí Lọ́yà nìkan.

"Ẹ ti mọ̀, Bàbá? Ẹ mọ̀, ẹ sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé bàtà náà sílẹ̀. "Ilẹ̀kùn yẹn," wọ́n wí, "mi ò mọ bí mo ṣe lè fi í sílẹ̀ láìtì mọ́."

Èmi tí mo ti ń kọ ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà èwe mi, mo wá béèrè tèmi. Mo yíjú sí Lọ́yà.

"Bó bá jẹ́ òní ni, tí obìnrin yẹn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, tí bàbá mi dúró níwájú yín, ṣé ẹ máa tún béèrè ohun tí ẹ béèrè?"

Mo rí i tí Àǹtí Télọ̀ ja àbúrò wọn léèékánná nítan. Ojú Lọ́yà pọ́n.

"Màá béèrè rẹ̀."

"Orí ẹ ò pé," Àǹtí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Àmọ́ mo ti mọ ìdáhùn náà kí n tó béèrè. Òun ló kọ́ mi. Ká ní ó sọ pé òun ò ní béèrè rẹ̀ ni, ǹ bá fi ọ̀nà hàn án, nítorí ìyẹn ni ì bá jẹ́ irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún mi. Mo ní, "Ẹ lọ sọ ohun tí ẹ sọ fún bàbá mi yìí fún ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ padà wá."

Ó lọ sọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì, àwọn oníbàárà rẹ̀ tú ká, yunifásítì kan sì gbà á láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní òfin. Bí ọkọ mi ṣe di olùkọ́ nìyẹn, tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa níwájú akọ̀wé ìjọba, a nílò ẹni méjì tó máa fọwọ́ sí i pé àwọn jẹ́rìí. Bàbá mi ní, "Mo ti jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan. Ó tó mi." Wọ́n jókòó sílé. Àǹtí Télọ̀ àti awakọ̀ tó gbé wa lọ ló fọwọ́ sí i.

Ọdọọdún ló ń fi ìbéèrè yẹn kọ́ àwọn ọmọ, ọdọọdún ló sì ń sọ ibi tó ti rí i fún wọn. Mo lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kan ní, "Sà, ọmọbìnrin náà ńkọ́?" Ọkọ mi ní, "Ó fẹ́ mi." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ènìyàn dáadáa ni. Kò fi ìyà jẹ mí rí. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀: oúnjẹ, àwọn ọmọ, páànù tó ń jò. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn, mi ò sọ ọ́ fún un mọ́ láti ọjọ́ búrẹ́dì yẹn, mi ò sì pa "ẹ" dà sí "ìwọ" mọ́.

Ní ọdún tó kọjá, bàbá mi wà lórí ibùsùn ọsibítù, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn. Ó jẹ́ ọ̀sán. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo tì í. Wọ́n ní, "Ohun tó bá ń dùn ọ́, ta lò ń sọ ọ́ fún?"

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan irun mi níbi tí ìlà rẹ̀ ti wọ́, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti lọ.

Ọkọ mi bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú. Ó mọ̀ pé bàbá mi bá mi sọ nǹkan kẹ́yìn, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ fún un. Ó wo ojú mi títí. Mo dúró, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé kó béèrè, pé bó bá béèrè, màá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò béèrè. Kò tíì béèrè títí dòní. Kì í béèrè ohun tí kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀.